Ọrùn Kì í Ṣe Ọ̀run

Ọrùn ni Irja sọ pé ó ń dun òun.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ohùn sí i dáadáa:
ọrùn, èyí tó ru orí,
kì í ṣe ọ̀run. A ò tíì débẹ̀.

Èmi tí mò ń fi ọkọ̀ gbé e lọ gba ìtọ́jú
ní Thunder Bay, nínú yìnyín oṣù kejì,
mo ti mọ bó ṣe ń jókòó:
èjìká ti gòkè wá bá etí,
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ da omi tútù sí lẹ́yìn.

Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.
Wọn ò bẹ́ ti Irja. Wọ́n ṣí i bí ìdérí ìkòkò,
wọ́n bu kókó náà, wọn ò lè bù ú tán,
wọ́n dé e padà, wọ́n fi píìnì irin gán an.
Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó kà wọ́n nínú dígí.

Ìtànṣán ló kù báyìí, àti ìbòjú oníhò wínníwínní
tí wọ́n yọ́ mọ́ ọn lójú,
tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì tòun ti ojú nínú rẹ̀.
Ìṣẹ́jú méjìlá. Má mira. Má wúkọ́.
"Ọrùn mi ló ń bá wọn ṣiṣẹ́," ló wí,
"orí kàn sùn síbẹ̀ ni."

Ló bá ní kí n yà sọ́dọ̀ Raimo,
atọ́-eegun tó ti ń bá a tọ́ ẹ̀yìn
láti ìgbà tó ṣì ń to pákó ní ilé ìfagi.
Ó dùbúlẹ̀, ó ti ojú bọ ihò tábìlì.
"Yí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kó dún kà, kí n lè sùn lálẹ́ òní."

Raimo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn etí, létí ojú ọgbẹ́.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró.
"Mi ò ní yí ọrùn yìí.
Àwòrán dà? Kí ni dókítà wí?"

Ṣé ẹ ti rí ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta
tó ń bínú bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀?
Nínú ọkọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀.
Ó jẹ búrẹ́dì mẹ́ta; oògùn tó ń fa wíwú ọpọlọ wálẹ̀
ti sọ ebi di àlejò tí kì í lọ.

Ọjọ́ kẹta ni Raimo pè. Ó ti bá dókítà sọ̀rọ̀,
lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ̀fọ́rí méjì ló ń gbé inú orí kan ṣoṣo:
ọ̀kan ń ti inú wá, òwúrọ̀ ló ń jí, ó ń mú èébì dání;
tìyẹn, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, kó má yà síbì kan.
Ìkejì ń ti ọrùn gun òkè bọ̀.
Ìyẹn gbọ́ ti ọwọ́.

Ọwọ́ Doreen Michano ni.
Obìnrin kúkúrú, a-béèrè-kó-tó-fọwọ́-kàn:
"Ibí ńkọ́? Ṣé kó fúyẹ́ sí i?"
Kò dé ibi ọgbẹ́. Kò fagbára tẹ ohunkóhun.
Ó gbé orí náà sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì
bí ẹyin tó ṣì gbóná lábẹ́ adìyẹ,
ó ní, "Gbé e fún mi. Gbogbo ẹ̀."
Ó pẹ́ kó tó gbé e.
Ọ̀sẹ̀ méje ni Irja ti ń ru orí ara rẹ̀,
kò rí ẹni sọ̀ ọ́ fún un.

Láti yàrá ìta ni mo ti gbọ́ tó ń hanrun.

Kókó náà ò gbọ́ nǹkan kan.
Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un pé yóò gbọ́.
Oṣù tó ń bọ̀ ni àwòrán mìíràn.

Bí a ti ń padà, adágún ti dì gbagidi,
òkè olókùúta tí wọ́n ń pè ní Òmìrán nà gbalaja níwájú,
ó ń wo ojú ọ̀run, láìsí ìrọ̀rí.
Irja wò ó títí iná fi yí sí àwọ̀ ewé.
"Ìyẹn náà," ló wí, "ọrùn á máa dùn ún."
Ó wá béèrè bóyá búrẹ́dì ṣì kù.